Ọkùnrin Tó Kúnlẹ̀

Ibi tó bá dùn jù lọ ni iná máa ń lọ. Ẹni tó bá gbé ní Ketu nígbà tí Second Chance ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n kò ní bá mi jiyàn. Ọkùnrin yẹn á ti sún mọ́ obìnrin yẹn, omi á ti lé ròrò sójú rẹ̀, á ti tẹ orúnkún kan mọ́lẹ̀, á wá la ẹnu báyìí, iná á lọ. Gbogbo àgbàlá á figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ojúlé dé ojúlé lẹ ó ti máa gbọ́ ọ: "Yéè! Ó ti kúnlẹ̀ o! Kí ló sọ? Kí ló sọ?" Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò ní tètè dáhùn, àwa ọmọdé á sì sáré jáde lọ wò ó bóyá ẹnì kan ti tan tiẹ̀, tó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíkúnlẹ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Nílẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn, dídọ̀bálẹ̀ ni tiẹ̀. Obìnrin ló ń kúnlẹ̀: ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó ń kúnlẹ̀ gbé omi fún ọkọ, ó ń kúnlẹ̀ bímọ, débi pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ la fi ń bẹ ènìyàn tí ọ̀rọ̀ bá ti le tán. Ọkùnrin tẹ́ ẹ bá rí lórí ìkúnlẹ̀, á jẹ́ pé Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀, tàbí kó jẹ́ pé sójà ló ní kó kúnlẹ̀ kó ká ọwọ́ méjèèjì sókè. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin àjèjì kan tó ga, tó ní àyà bí ilẹ̀kùn, bá fi orúnkún tẹlẹ̀ níwájú obìnrin, ohun tí àwọn ìyá wa rí níbẹ̀ tóbi ju ohun tí àwọn tó ṣe fíìmù náà ní lọ́kàn lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún àwọn ẹni mímọ́, wọ́n sì ń kúnlẹ̀ tọrọ obìnrin. Kò jọ wọ́n lójú. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin yẹn ti ró ìró mọ́dìí.

Mo dàgbà pẹ̀lú èrò pé irú ọkùnrin mìíràn ni. Ọkùnrin tó ń sunkún, tó ń bẹ̀bẹ̀, tó ń sọ ọ́ jáde pé òun ò lè sùn. Ọkùnrin tí kò jọ bàbá ẹnì kankan ní àdúgbò wa. Láìpẹ́ yìí ni mo padà lọ wo díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn eré yẹn, tí mo sì wo àwọn tuntun tó ti Sípéènì àti Kòlóńbíà wá lórí Netflix mọ́ ọn. Kí n má parọ́, ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo mọ ọkùnrin yẹn. Mo ti ń rí i ní Ketu tipẹ́.

Fíìmù Mexico là ń pe gbogbo wọn, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é. Èyí tó gbòde ṣáájú ni The Rich Also Cry, tí wọ́n ṣe ní Mexico ní 1979, tí NTA wá ń fi hàn ní àwọn ọdún 1990. Ẹ bi ìyá yín pé ta ni Mariana, á dá yín lóhùn kó tó gbé itọ́ mì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òjò wá ń rọ̀ tí kò dá: When You Are Mine tí Paloma àti Diego wà nínú rẹ̀, The Gardener's Daughter, Second Chance, Cuidado con el ángel tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Marichuy. Ní 2013, Telemundo di odindi ìkànnì kan fún ilẹ̀ Áfíríkà, "Telemundo" sì di orúkọ gbogbo wọn, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Zee World kó àwọn ará Íńdíà dé, ọ̀pọ̀ ìyá sì ṣí lọ síbẹ̀. Àwa ọmọ ṣí lọ sórí fóònù. Kí n tiẹ̀ sọ èyí: Miami ni Telemundo ti ṣe Second Chance ní 2005 sí 2006, ọmọ Cuba sì ni Mario Cimarro tó ṣe Salvador. William Levy tó ṣe Juan Miguel nínú Marichuy, ọmọ Cuba ni òun náà. Fíìmù Mexico wa nìyẹn.

Àwọn bàbá kò fẹ́ràn rẹ̀, àbí kí n sọ pé wọ́n ní àwọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá onílé kan wà ládùúgbò wa tó máa ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Á ní, "Ẹ tún ti ń wo àwọn ọ̀lẹ yìí?" Á wá dúró. Á fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú, kò wọlé, kò lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Tí ìpolówó ọjà bá dé, á ní, "Ọkùnrin kì í sunkún báyẹn jàre," á sì máa lọ. Tó bá di ọjọ́ kejì, á pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á rẹ ohùn sílẹ̀, á bi mí pé ṣé Salvador ti gba ilé rẹ̀ padà.

Èmi náà ni ògbufọ̀. Ẹ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bo ohùn wọn, ẹnu á ń ṣe ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ á ń ṣe ọ̀tọ̀. Àwọn tó ń wò ó nílé wa, púpọ̀ nínú wọn ń ti Mile 12 bọ̀, òórùn tòmátì àti tàtàṣé ṣì wà lára wọn, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì gbọ́ kò ju èyí tí wọ́n fi ń tajà lọ. Èmi ni mo ń túmọ̀. Iṣẹ́ yẹn le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí ọkùnrin yẹn bá sọ fún obìnrin pé òun fẹ́ràn rẹ̀, tí mo bá ní "Ó ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀," wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé pásítọ̀ ni. Mo wá kọ́ pé kí n máa sọ pé, "Ó ní tóun ò bá rí i lójú, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun òun." Ìyẹn wọ̀ wọ́n lára.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dà mí láàmú títí di òní ni ẹ̀bẹ̀. Ọkùnrin náà á sọ pé kí ó dárí ji òun, pé òun ló ṣẹ̀. Èmi á túmọ̀ rẹ̀ sí, "Ó ní kó má bínú." Ẹ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn sórí ìwọ̀n. Ẹni tó ní òun ló ṣẹ̀, ara rẹ̀ ló ń sọ. Ẹni tó ní "má bínú", ìbínú ẹlòmíì ló ń sọ. Ó ti gbé iṣẹ́ lé ẹni tí a ṣẹ̀ lọ́wọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Salvador bẹ̀bẹ̀ ní Miami, nígbà tó fi máa dé Ketu ó ti di pé obìnrin ló ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Salvador yìí, nítorí òun ló jinlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, àwọn tó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò wò ó dáadáa. Ẹ rántí ìtàn náà. Pedro José Donoso, arúgbó olówó rẹpẹtẹ, fẹ́ Isabel, ọmọge tó kéré sí i dáadáa. Ó kú. Ọkàn rẹ̀ kò sinmi, ó bọ́ sínú ara Salvador Cerinza, tálákà tí kò ní nǹkan kan ju agbára lọ. Ó wá fi ara tuntun yìí padà sínú ilé ara rẹ̀, ó di òṣìṣẹ́ níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá, ibẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé Isabel àti Andrés ti ń dalẹ̀ òun tipẹ́. Àwọn òyìnbó lè máa pè é ní ìtàn àròsọ tí kò ṣeé gbà gbọ́. Àwọn ìyá wa kò nílò àlàyé kankan. "Àkúdàáyà ni," ìyá kan sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì tẹ̀síwájú láti máa bọ́ ẹ̀gúsí rẹ̀.

Ohun tí gbogbo èèyàn ń wò ni àyà Salvador. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n di bọ́tìnnì ẹ̀wù fún un. Irun rẹ̀ gùn, apá rẹ̀ ki, òógùn ń dán lára rẹ̀. Ara alágbàṣe ni. Ó dáa. Ẹ jí ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kan kẹ́ ẹ lọ sí Mile 12 nígbà tí àwọn tírélà láti Òkè Ọya bá ń já tòmátì. Ẹ ó rí ara yẹn. Ẹ ó rí i lọ́nà igba, lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n ń pariwo "Ẹ̀yìn o! Ẹ̀yìn!" kí ẹ lè yà fún wọn. Apá ki, àyà yọ, òógùn ń dán. Kò sí obìnrin kan tó ń dákú. Àwọn obìnrin tó ń gbé Salvador lérí tó bá di alẹ́, àwọn náà ló ń dúnàádúrà náírà mélòó kan pẹ̀lú Salvador láàárọ̀, tí wọ́n ń pè é ní "ìwọ alábàárù yìí."

Kí ló fà á? Kò sí Donoso nínú alábàárù. Ohun tí Second Chance tà fún wa nìyẹn, a sì rà á láìyọ owó wò: ara tálákà, ọkàn olówó. Salvador mọ bí wọ́n ṣe ń di ṣíbí mú. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wo ènìyàn lójú bí ẹni tó ni ilẹ̀ tó dúró lé. Ìdí nìyẹn tó fi lè sunkún tí kò ní tẹ́. Olówó lè sunkún; ẹkún kò lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọlé fíìmù ti 1979 yẹn ti sọ ọ́ fún wa tipẹ́tipẹ́, pé àwọn olówó náà ń sunkún, a kàn rò pé ìkáàánú ló ń tọrọ ni. Ẹ sọ fún mi, nínú gbogbo fíìmù Mexico tẹ́ ẹ ti wò, ìgbà wo ni tálákà ọkùnrin sunkún tí obìnrin sì tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ sí i, tí kò wá hàn lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ọmọ olówó ni?

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò pa ìyá mi lẹ́rìn-ín. Salvador gidi, ìyẹn Salvador kí ọkàn Donoso tó wọ̀ ọ́, ní ìyàwó àti ọmọ. Cantalicia ni orúkọ ìyàwó, Moisés ni ọmọ. Fíìmù náà fi Cantalicia ṣe ẹni tó ń ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án; nígbàkígbà tó bá yọjú, inú á bí wa, nítorí ó ń dí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti lọ bá obìnrin tó rẹwà. Gbogbo pálọ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní, "Ọkọ ẹ̀ ń wò ó lójú, kò dá a mọ̀." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Obìnrin tó ń tajà ní Mile 12 mọ ọ̀pọ̀ obìnrin tí ọkọ wọn ti wò lójú báyẹn.

Mo ronú kan Salvador gan-an nígbà tí Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde lórí Netflix ní 2022. Sàró náà jẹ́ tálákà tó rẹwà, ahunṣọ tó rìn wọ Ọ̀yọ́ láìní nǹkan kan, tí ara rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún un: Awárùn gbé ilé fún un, Arọlákẹ́ olorì fi ààfin sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Kódà òun náà kú, ó jí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìtàn méjèèjì yà sí. Arọlákẹ́ ló gba agbára náà lọ́wọ́ ẹyẹ àkàlà, òun ló sọ Sàró di ènìyàn, nígbà tí Sàró sì gbàgbé ìyẹn, tó ń kó obìnrin lé obìnrin, tó ń fi àìbímọ bú u, agbára náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọba àti ìlú. Fíìmù wa kò jẹ́ kí Arọlákẹ́ di Cantalicia. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ní Aníkúlápó gùn jù, ó sì gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí ó gbọ́n ju Telemundo lọ.

Mo fẹ́ sọ ti Juan Miguel báyìí, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Cuidado con el ángel, tí Televisa ṣe ní 2008 sí 2009, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ yín máa fi rántí rẹ̀. Maite Perroni, ìyẹn Marichuy, ọmọge aláìlóbìí tó ya ìpátá, tó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìta. William Levy, ìyẹn Juan Miguel, dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ, ojú rẹ̀ tutù, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ẹ wò ó, àwọn ọmọge Ketu fẹ́ kú lórí Juan Miguel. Ṣùgbọ́n kí ni gbòǹgbò ìtàn yẹn? Nígbà tí Marichuy kéré, ọ̀mùtí kan fẹ́ fipá bá a lò, látìgbà náà ló ti ń bẹ̀rù ọkùnrin tó sì kórìíra wọn. Ọ̀mùtí yẹn ni Juan Miguel. Òun kan náà ló wá wo ìbẹ̀rù náà sàn, ó fẹ́ ẹ, kó tó di pé òótọ́ jáde. Ọwọ́ Delia Fiallo, obìnrin Cuba tó kọ ìtàn púpọ̀ fún tẹlifíṣọ̀n Venezuela, ni ìtàn náà ti kọ́kọ́ jáde ní àwọn ọdún 1970, èyí túmọ̀ sí pé ìran bíi mélòó kan ti jókòó ti ìtàn yìí, wọ́n sì ń gbàdúrà pé kí obìnrin náà dárí jì í kí ìgbéyàwó lè dùn.

Àwa náà gbàdúrà. Mo wà níbẹ̀. Gbogbo apá tó kù nínú eré náà ni ọkùnrin yẹn fi ń bẹ̀bẹ̀, ìbéèrè tó sì wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ni pé ìgbà wo ni Marichuy máa rọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni Juan Miguel máa ṣe ju pé kó kúnlẹ̀ lọ. Má bínú, má bínú.

Àǹtí kan ń ránṣọ nínú àgbàlá wa nígbà yẹn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ lù ú ní ọjọ́ Ẹtì kan débi pé ojú rẹ̀ kan wú tó fi pa dé. Ní ọjọ́ Àìkú, ọkùnrin náà dé pẹ̀lú búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó rìn dé ẹ̀bá ẹ̀rọ omi, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń pọnmi, ó sì kúnlẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Mo rántí bí ariwo ṣe sọ, bí ìgbà tí iná dé. Àwọn ìyá tó ti ń gégùn-ún fún un láti ọjọ́ Ẹtì yí padà lójú ẹsẹ̀: "Ọkùnrin! Ó mà kúnlẹ̀! Kí lo tún ń fẹ́? Ṣé ìwọ ò ń wo Juan Miguel ni?" Àǹtí náà wo gbogbo wa. Ó wọlé lọ gbé báàgì rẹ̀. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ó tún lù ú. Ó tún kúnlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta tó kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná láti wá wò ó, Àǹtí fúnra rẹ̀ kò jáde, ọkùnrin náà sì dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ń bínú. Láti 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé. Kò sí ẹnì kan nínú àgbàlá wa tó dárúkọ òfin. Juan Miguel ni wọ́n dárúkọ.

Mi ò sọ pé fíìmù Mexico ló kọ́ ọkùnrin náà láti lu obìnrin. Kò nílò Mexico fún ìyẹn. Ẹni tó bá wo Thunderbolt tí Túndé Kèlání ṣe ní 2001, láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí, mọ̀ pé owú ọkùnrin Yorùbá lè pa ènìyàn: Yínká kò lu Ngozi, ọkàn rẹ̀ kàn ń fura ni, ìfura yẹn ló sì gbé mágùn wọlé. Luis Alberto nínú The Rich Also Cry náà nìyẹn, tó fi Mariana sílẹ̀ nítorí ó rò pé oyún náà kì í ṣe tòun, débi tí obìnrin náà fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ fún àjèjì. Owú kan náà. Ohun tí fíìmù Mexico fi kún un ni ẹ̀bẹ̀ tó rẹwà, ẹ̀bẹ̀ tó ní orin lábẹ́.

Ó wá di ayé Netflix. La casa de papel gba gbogbo fóònù ní Ketu kan láàárín 2018 sí 2021. Nínú eré yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí wọ́n ń pè ní El Profesor, jẹ́ ọkùnrin tó ń tijú, tó ń fi ìka ti awò ojú sókè, tó gbọ́n ju gbogbo ọlọ́pàá Sípéènì lọ. Mo rò pé òun ni àwọn ọ̀rẹ́ mi máa fẹ́ dà. Rárá o. Berlin ni. Berlin tó ń wo obìnrin bí ẹrù, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tó bá ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn. Eré náà ti kó sínú pàkúté ara rẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Berlin hàn bí ènìyàn burúkú, ó wá fún un ní ikú akọni, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n tún ṣe odindi eré tirẹ̀ ní 2023. Nairobi tó gba àkóso lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń darí iṣẹ́ dáadáa, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n pa á. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni Café con aroma de mujer, èyí tí wọ́n tún ṣe ní Kòlóńbíà ní 2021. Fernando Gaitán ló kọ ti àkọ́kọ́ ní 1994, ẹ̀jẹ̀ When You Are Mine sì ni, nítorí ìtàn kan náà ni TV Azteca mú ṣe Paloma àti Diego. William Levy yìí náà ló ṣe Sebastián. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe Sebastián: ara rẹ̀ kì í dìde fún obìnrin. Akọni fíìmù! Àwọn ẹbí rẹ̀ ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tijú, kò lè ṣàlàyé. Mo dá fíìmù dúró, mo rẹ́rìn-ín, mo wá rántí ìyá alágbo tó máa ń jókòó sẹ́bàá gárééjì Ketu pẹ̀lú àwọn ìgò rẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ọmọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti èmi lọ á wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní kí wọ́n po jẹ̀díjẹ̀dí mọ́ ọpá ẹ̀yìn. Wọ́n á ní ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n. Gbogbo Kosofe ni ẹ̀yìn ń dùn. Ìyá náà kì í béèrè, á kàn bù ú sí kọ́ọ̀pù, wọ́n á dà á sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì máa lọ láì wo ojú ara wọn. Mi ò tíì rí fíìmù Yorùbá tó gbé kámẹ́rà síbẹ̀ láìfi í ṣe àwàdà. Sebastián kò ṣe àwàdà. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó dákẹ́. Àṣìṣe tí eré náà ṣe ni pé ìfẹ́ obìnrin kan ṣoṣo ló wò ó sàn, bí ẹni mu àgbo. Síbẹ̀, ìdákẹ́ yẹn dáa ju gbogbo ẹkún Salvador lọ lójú tèmi.

Mo wá dé Machos Alfa, tí Alberto àti Laura Caballero dá sílẹ̀, tó bọ́ sórí Netflix ní ìparí ọdún 2022. Ọkùnrin mẹ́rin ní Madrid, wọ́n ti lé ní ogójì ọdún. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Pedro, obìnrin rẹ̀ Daniela wá ń rí owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Luis ọlọ́pàá, ilé rẹ̀ ti tutù. Obìnrin Raúl ní kí àwọn ṣí ilẹ̀kùn ìfẹ́ sílẹ̀, kí kálukú lè máa yan ọ̀rẹ́. Ìyàwó Santi ti lọ, ọmọbìnrin rẹ̀ ló wá ń bá a wá obìnrin lórí fóònù. Wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọkùnrin bí wọ́n ṣe ń tú jíjẹ́ ọkùnrin palẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ní ti ẹ̀rín, eré náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò tó mi. Ohun tí eré náà ń pè ní ayé tuntun, pé obìnrin ń mówó wọlé ju ọkùnrin lọ, ìròyìn àtijọ́ ni ní Mile 12. Owó tòmátì ló san owó ilé-ìwé èmi àti ìdajì àwọn tí mo mọ̀, àwọn bàbá wa sì ń jẹ́ baálé ilé lọ láìsí ẹni tó ní kí wọ́n lọ kọ́ nǹkan kan. A ti rí Pedro. Pedro pọ̀ ní Ikosi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Pedro ti Madrid ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lè sọ fún pé ẹ̀rù ń ba òun. Ibi yẹn nìkan ni mo ti ń jowú wọn. Níbi tí àwa ti ń mu bíà ní Alápẹ́rẹ̀, a lè fi wákàtí mẹ́ta sọ̀rọ̀ Arsenal àti Chelsea, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín wa á sọ̀rọ̀ Arsenal ju gbogbo wa lọ. Ó pé oṣù mẹ́rin kí a tó gbọ́ nípa ti ẹnì kan nínú wa, ẹnu ìyàwó rẹ̀ la sì ti gbọ́ ọ.

Ohun tó burú nínú Machos Alfa ni pé tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dé ibi tó ti máa dun ènìyàn, wọ́n á sáré ju àwàdà síbẹ̀. Ó sì jọ pé àwọn obìnrin ni wọ́n máa ń mú wàhálà wọlé: èyí fẹ́ lókìkí, èyí fẹ́ ọ̀rẹ́ kejì. Tí ọkùnrin bá ń jìyà, obìnrin ló fà á. Ẹ̀rín ni ìkúnlẹ̀ tiwọn. Juan Miguel á kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ lè dárí jì í, àwọn yìí á pa yín lẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ lè dárí jì wọ́n.

Mo gbé e fún ìyá mi wò ní ọjọ́ Àìkú kan. Mo ń túmọ̀ bíi ti àtijọ́, lọ́tẹ̀ yìí mo gbìyànjú kí n má lo "má bínú" níbi tí wọn kò ti sọ ọ́, ó sì le. Ó wo apá kan tán, kò rẹ́rìn-ín tó bí mo ṣe rò. Ó bi mí pé èwo ló máa kúnlẹ̀ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní kò sí. Ó ní ṣé wọn ò ṣẹ ẹnì kankan ni. Mo ní wọ́n ṣẹ̀, wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn ni, níbi tí wọ́n ti ń mutí.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní kí n fi apá kejì sí i.